Ìdajì Owó Ògiri

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí mo gbọ́ ìtàn ògiri yìí:
ilé kan ṣoṣo ni tẹ́lẹ̀, yàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan,
ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́.
Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jà nítorí oko kajú.
Wọn ò lu ara wọn, wọn ò gégùn-ún,
búlọ́ọ̀kù ni wọ́n rà.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di méjì.
Ìbínú ò mọ ilé í kọ́:
búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́, tí a gbé nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́,
sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpara ojú.

Àwọn méjèèjì ti kú. Ìjà ti jẹrà.
Ògiri ló kù.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Làmídì, ọmọ-ọmọ àbúrò, ti ń ṣe bàtà.
Kó, kó, kó. Á sinmi. Kó.
Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ọsibítù,
agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni oorun mi máa ń dé,
agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni òòlù rẹ̀ máa ń jí.
Mo mọ bàtà ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin látorí bẹ́ẹ̀dì.
Mo mọ ìgbà tí ìṣó bá tẹ̀,
torí yóò pòṣé, yóò sì bú ìyá ìṣó náà.
Mo mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sè. Rárá,
ìyẹn kì í ṣe ti etí, ti imú ni.

Àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Tiwa ò lanu.
Ó panu mọ́, ó sì ń rojọ́.

Mo ra páálí ẹyin lọ́wọ́ olóko adìẹ, ọgọ́ta,
ìyẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ àwọn mìíràn.
Mo fa fóòmù ńlá jáde nínú yàrá,
èyí tí apá kan rẹ̀ ti ṣófo láti ọdún kejì.
Ọ̀jẹ́wùmí kápẹ́ńtà fi ìka kan ògiri,
ó tẹ́tí bí ẹni ń yẹ ìbẹ́pẹ wò.
“Ìyá, ariwo ta ni ká dí?”
Mo ní, “Tirẹ̀ ni.”
Ó ní, “Ariwo ò mọ onílé. Bá a bá dí tirẹ̀, a ti dí tiyín.”
Mo rẹ́rìn-ín. Tèmi kẹ̀? Kí ni mo ní tó ń dún?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Làmídì kanlẹ̀kùn,
pólíìṣì ní èékánná, owó nínú ìwé ìròyìn.
“Ìdajì rèé, Ìyá Oyèbọ́lá.”
Mo ní ta ló bi ọ́ léèrè owó?
Kò wojú mi. Ó ní ẹ má bínú,
ó ti pẹ́ tóun ti fẹ́ dí i,
ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ ọ́ fágbà?
Lóru tí ẹ ò bá lọ síbi iṣẹ́,
ẹ máa ń bá Bàbá sọ̀rọ̀.
Ẹ máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn.
Ẹ máa ń dúró kí wọ́n dáhùn.
Èmi àtìyàwó mi á sì dákẹ́ lápá ibí,
àwa náà á máa dúró.

Mo gba owó náà. Mo kà á lójú rẹ̀
kí ojú má baà tì wá.

Ọjọ́ méjì ni Ọ̀jẹ́wùmí fi ṣiṣẹ́,
òòlù níhìn-ín, òòlù lọ́hùn-ún,
nígbà tó yá n ò mọ ti ta ni ti ta ni mọ́.
Lọ́jọ́ kẹta mo sùn di agogo mẹ́ta ọ̀sán.
Mo jí, mo rò pé mo ti kú díẹ̀.

Ibì kan ṣẹ́kù tí páálí ò kárí,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.
Ọ̀jẹ́wùmí ní òun ń bọ̀ lọ́la.
Ó ti pé oṣù mẹ́ta. N ò pè é.
Mo rí i ní Sábó, mo ní owó ti tán.
Irọ́ ni. Ìdajì Làmídì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Láàárọ̀, ibẹ̀ ni kó-kó ń gbà wọlé,
ó kéré, ó jìnnà, bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́ lóko.
Lóru, mo máa ń sún orí mọ́ ọn.
“Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?”
Mo dúró.
Làmídì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Ó lè jẹ́ ọyẹ́.